Ta Ni Rẹfirí Omi? Àlàyé Fún Ẹni Tó Ń Sanwó Omi l'Ábẹ́òkúta

Wọ́n ní omi tí èèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán òwe yìí wò, kó lọ dúró lórí afárá Lafẹ́nwá láàárọ̀ kùtù, kó máa wo odò Ògùn. Omi yẹn ti apá Ṣakí nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wá, ó gba àárín ìlú Ẹ̀gbá kọjá, Èkó ló forí lé. Tó bá dé Akúté, iléeṣẹ́ omi Èkó á fà lára rẹ̀ lọ sí Ìjù, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi kọ̀lóríìnì sí i, ó di omi ẹ̀rọ. Ẹni tó dúró lórí afárá tó ń wò ó lọ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi ọkọ̀ tańkà ló rà sínú dúrọ́ọ̀mù lánàá.

Níbi tí wọ́n bá ti ń já omi tańkà báyìí ni ọ̀rọ̀ máa ń ti bẹ́. Ládùúgbò wa, lápá Kẹ́mta, mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ: "Kí ni ìjọba tiẹ̀ ń ṣe sí ọ̀rọ̀ omi yìí gan-an?" Ó máa ń ṣe mí bíi kí n béèrè pé ìjọba wo. Nínú ọ̀rọ̀ omi, ìjọba kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó ni odò yàtọ̀ sí ẹni tó ń ta omi. Ẹni tó ń ta omi yẹ kó yàtọ̀ sí ẹni tó ń dá iye owó rẹ̀, ìyẹn alámòójútó tí mo pè ní rẹfirí lókè yìí. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó mọ́, ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀tọ̀ tún ni. Ẹ ó rí i pé ọ̀kan péré ni mo kọ "yẹ kó" sí. Ibẹ̀ ni ìdààmú pọ̀ sí jù, a ó dé bẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti inú odò bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, omi tó bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ sì ti kéde bẹ́ẹ̀, Abuja ló ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìsédò Ọyán, tí kò jìnnà sí wa rárá, tí Ààrẹ Shehu Shagari wá ṣí ní oṣù Kẹta 1983, kì í fi í ṣe ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn. Àjọ tó ń bójú tó agbègbè odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ló ń darí rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ni àjọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀nà Alábàtà níbí ni olú ọ́fíìsì wọn wà. Wọ́n kọ́ ìsédò náà kó lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà, kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi fà, kí àgbẹ̀ lè rí omi fi rin oko, kó sì tún ṣe iná mànàmáná mẹ́gáwáàtì 9. (Ọ̀rọ̀ iná yẹn gùn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.) Tí ẹ bá wá gbọ́ pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ìsédò lásìkò òjò, tí omi sì ya wọ ilé àwọn ará Ìṣẹrì lọ́nà Èkó, ẹni tí ẹ máa bi léèrè kò sí ní Òkè-Mosàn, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa wà.

Kí omi odò di omi ẹ̀rọ, ìyẹn bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Iléeṣẹ́ Omi Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni ibùdó ìṣomi tó wà ní Arakanga. Bí wọ́n ṣe ń ṣe omi odò kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ níbikíbi láyé: wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i kí ìdọ̀tí lè dì pọ̀ kó sì rọ̀ sísàlẹ̀, wọ́n á fi iyanrìn sẹ́ ẹ, wọ́n á fi kọ̀lóríìnì pa kòkòrò inú rẹ̀, wọ́n á wá fi pọ́ǹpù tì í lọ sínú tańkì ńlá lórí òkè. Ẹ má fojú kéré orí òkè yẹn o. Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú pẹrẹsẹ. Omi mọ ọ̀nà ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kó tó gòkè, iná tàbí dísù ló máa tì í. Ìlú olókè kò lè fi iye tí ìlú tó tẹ́ fi ń pín omi pín tirẹ̀.

Owó la dé yìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ rẹfirí ti wọlé.

Tí ìyá tó ń ta tòmátì ní Kútọ̀ bá gbówó lé e, ẹ ó kọjá sọ́dọ̀ ìkejì rẹ̀. Ọjà fúnra rẹ̀ ló ń dá ẹjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń gbé ìyá olómàtì lọ sí àjọ kankan. Omi ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Páìpù abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbówó jù nínú iṣẹ́ omi, pàápàá nílùú tí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ tí ẹ kan àpáta. Kò sí bí iléeṣẹ́ méjì ṣe máa ri páìpù méjì sábẹ́ títì kan náà kí oníbàárà lè yan èyí tó wù ú. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ ri tirẹ̀, aláìlórogún ni, ì báà jẹ́ ìjọba, ì báà jẹ́ oníṣòwò.

Tí a bá fi aláìlórogún sílẹ̀ kó máa dá iye owó fúnra rẹ̀, kí ló máa dá a dúró? Èyí yé gbogbo èèyàn. Èyí tí kì í tètè yéni ni òdìkejì rẹ̀. Tó bá jẹ́ olóṣèlú nìkan ló ń dá iye owó, kò ní fẹ́ gbọ́ pé owó omi gòkè nígbà tí ìbò bá ń bọ̀. Ìbò kì í sì í pẹ́ bọ̀. Owó omi á wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí owó dísù, owó álọ́ọ̀mù àti owó oṣù ń gòkè. Wọn ò ní rówó pààrọ̀ páìpù tó ti jẹrà, pọ́ǹpù tó bá kú lónìí á dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Olówó á gbẹ́ bóhòlù, mẹ̀kúnnù á máa ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, iye tó sì máa san lórí jálá kan á ju ti omi ẹ̀rọ lọ fíìfíì. Omi tí wọ́n ní ó pọ́ọ̀kú tí kò sì yọ, ó wọ́n gan-an.

Nítorí náà, iṣẹ́ alámòójútó kì í ṣe kí owó omi sáà ti kéré. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ló ń pọn omi. Òun ni ẹni kẹta tó dúró sáàárín ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà, tí kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ìyekan ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ ti mọ irú rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ iná. Ẹ rántí oṣù Kẹrin 2024 nígbà tí "Band A" wọlé. Kì í ṣe àwọn tó ń pín iná ló dá iye yẹn fúnra wọn. NERC, àjọ alámòójútó ọ̀rọ̀ iná, ló fọwọ́ sí i, ó sì so wákàtí 20 lójúmọ́ mọ́ ọn. Iye owó yẹn bí yín nínú, ó bí èmi náà nínú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe dì í: iye báyìí lẹ máa gbà, nǹkan báyìí lẹ gbọ́dọ̀ fún wọn. Tí wọn ò bá fún yín, ẹ ní ẹni tí ẹ lè fẹjọ́ sùn tí kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ yín.

Fún omi, kò sí NERC kan ṣoṣo fún gbogbo Nàìjíríà, nítorí omi ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa ṣe òfin tirẹ̀. Èkó ṣe òfin omi ní 2004 tó ya àjọ alámòójútó sọ́tọ̀ kúrò lára iléeṣẹ́ tó ń pọn omi. Lásìkò yẹn náà ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó àtúnṣe omi ìlú fún ìpínlẹ̀ mẹ́ta: Kaduna, Enugu àti Ògùn tiwa. Páìpù àti pọ́ǹpù ni ará ìlú máa ń rí nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Apá kejì rẹ̀, tí kì í hàn sójú, ni kí iléeṣẹ́ omi lè máa dá dúró bí iléeṣẹ́ tó ń tajà, kí owó tó ń wọlé sì bo owó tó ń jáde. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìpínlẹ̀ kan ní rẹfirí lóòótọ́, ẹ má wo orúkọ tí wọ́n kọ sára ọ́fíìsì. Ẹ béèrè ẹni tó ń fọwọ́ sí iye owó omi, ẹni tó lè bu owó ìtanràn lé iléeṣẹ́ omi, àti ẹni tó lè lé alámòójútó náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé kọmíṣọ́nnà kan náà ni ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a jẹ́ pé ẹni tó ni bọ́ọ̀lù ló ń fun fèrè.

Báwo ni rẹfirí yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an? Ẹ jẹ́ ká fi kẹ́ẹ̀gì ṣe é, torí tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka mílíọ̀nù jálá, oorun á máa kun èèyàn.

Ká ní iléeṣẹ́ omi kékeré kan ń ṣe omi kẹ́ẹ̀gì 100 lójúmọ́, gbogbo owó tó ń ná sórí rẹ̀ sì jẹ́ ₦3,000. Tí kẹ́ẹ̀gì 100 bá dé ọ̀dọ̀ oníbàárà tí gbogbo wọn sì sanwó, ₦30 ni kẹ́ẹ̀gì kan. Ṣùgbọ́n páìpù ń jò lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn kan ti yọ́ kẹ́lẹ́ lu páìpù lóru láì forúkọ sílẹ̀. Mítà àwọn kan ti kú látọjọ́ aláyé ti dáyé. Kẹ́ẹ̀gì 60 péré ló rówó gbà lé lórí. Iléeṣẹ́ náà á wá sí iwájú alámòójútó, á ní: "₦3,000 la ná, kẹ́ẹ̀gì 60 la rí owó rẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa gba ₦50." Ní ti ìṣirò, kò purọ́. Ṣùgbọ́n ₦20 tó fi kún un yẹn, owó omi tí ẹ kò mu ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó dáadáa ni wọ́n ní kí ẹ san án fún ẹni tó ń jí omi àti fún ihò tí wọn ò dí.

Alámòójútó tó bá mọṣẹ́ á dá a lóhùn pé kò sí páìpù tí kì í jò láyé yìí, nítorí náà òun gbà fún wọn pé kẹ́ẹ̀gì 20 lè sọnù. Ìyókù, kí wọ́n lọ dí ihò. Ó di ₦37.50. Iléeṣẹ́ tó bá dí ihò rẹ̀ kọjá ìwọ̀n yẹn, èrè tirẹ̀ ni. Èyí tó bá sùn, òun ni yóò gbé àdánù rẹ̀, kì í ṣe oníbàárà. Nínú iṣẹ́ alámòójútó, kò sí èyí tó fa ìjà tó ti orí ìwọ̀n omi tó ń sọnù yìí. Ẹni tí kò bá sì ní mítà tó ń ka omi tó jáde láti ibùdó àti omi tó dé ilé oníbàárà, kò lè mọ iye tó sọnù rárá. Àfojúbù ni yóò máa fi gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìdí nìyí tó fi ń yà mí lẹ́nu tí ẹlòmíì bá ń bá mítà jà. Bíìlì tí kò ní mítà, bó ṣe wu ẹni tó kọ ọ́ ló kọ ọ́.

Ghana dá àjọ irú èyí sílẹ̀ ní 1997, òun kan náà ló ń mójú tó owó iná àti owó omi. Ti ìjọba ni iléeṣẹ́ omi wọn, síbẹ̀ kò lè fi kọ́bọ̀ kún owó omi láìjẹ́ pé àjọ yẹn fọwọ́ sí i, wọ́n sì máa ń pe ará ìlú wá gbọ́ tẹnu wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà kúkú ti wí i: agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kenya gba ọ̀nà mìíràn kún un. Látìgbà òfin omi wọn ti 2002 ni wọ́n ti ní alámòójútó tó máa ń tẹ ìwé jáde, tó máa ń to gbogbo iléeṣẹ́ omi ìlú wọn tẹ̀ léra: èyí tó ń pàdánù omi jù, èyí tí omi rẹ̀ ń yọ fún wákàtí púpọ̀ jù. Ìtìjú ń ṣiṣẹ́ tí owó ìtanràn kò lè ṣe.

Àwọn kan á ní tí ìjọba bá kàn ta iléeṣẹ́ omi fún oníṣòwò, gbogbo rẹ̀ á tò. Ẹ wo Ìlú Ọba. England àti Wales ta tiwọn ní 1989, wọ́n sì gbé rẹfirí tí wọ́n ń pè ní Ofwat kalẹ̀, tó ń yẹ owó omi wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Scotland kò ta tirẹ̀, ti ìjọba ṣì ni títí dòní, síbẹ̀ òun náà ní alámòójútó tó ń dá owó omi. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín àti ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ má sì rò pé rẹfirí kì í sùn. Ní oṣù Karùn-ún 2025, Ofwat bu ìtanràn mílíọ̀nù 122.7 pọ́n-ùn lé Thames Water lórí ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí àti owó èrè tí wọ́n pín fáwọn onípìn-ín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ibẹ̀, gbèsè ti wọ iléeṣẹ́ náà lọ́rùn, ìgbẹ́ sì ti ń ṣàn wọ odò fún ọ̀pọ̀ ọdún lójú rẹfirí. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, ìgbìmọ̀ tí ìjọba wọn gbé kalẹ̀ ní kí wọ́n tú Ofwat ká, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Àwa Ẹ̀gbá kò nílò kí wọ́n kọ́ wa pé èèyàn kì í sanwó láìní ẹnu nínú ọ̀rọ̀. Ní 1947, nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin yòókù ń kọrin níwájú ààfin Aké, owó orí ni wọ́n ń bá wí, àti pé kò sí obìnrin kankan níbi tí wọ́n ti ń dá a. Ọ̀rọ̀ owó omi kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí.

Ohun kan wà nínú bíìlì omi tó yẹ kí ẹni tó ń gbé ilé oníyàrá púpọ̀ tí ìdílé púpọ̀ jọ ń gbé ṣọ́ra fún. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ń pín owó omi sí àtẹ̀gùn: omi díẹ̀ àkọ́kọ́ lóṣù, owó pọ́ọ́kú, tó bá ti kọjá ibẹ̀, owó á gòkè. Wọ́n ní nítorí tálákà ni. Èrò tó dáa ni, àfi pé ìdílé mẹ́jọ lè máa lo mítà kan ṣoṣo nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Àpapọ̀ omi wọn á ti gun àtẹ̀gùn dé òkè pátápátá, ẹni tó dá gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìbarà á sì máa san iye tó wà fún tálákà. Alámòójútó tó mọ bí a ṣe ń gbé á máa ka ìdílé, kò ní í ka mítà nìkan.

Ó ku ẹni tó ń wò ó bóyá omi mọ́. Níbí ni àṣìṣe pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé NAFDAC ló ń mójú tó gbogbo omi. Omi tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tàbí ike ni òfin fi lé NAFDAC lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà wọn fi wà lára píọ̀ wọ́tà. Ìwọ̀n tí omi mímu gbọ́dọ̀ bá dọ́gba, láti ẹnu ẹ̀rọ tàbí láti inú bóhòlù, wà nínú ìwé tí SON, àjọ tó ń ṣètò ìwọ̀n ọjà, gbé jáde ní 2007 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2015. NIS 554 ni wọ́n ń pè é. Kò gbọdọ̀ sí kòkòrò E. coli kan ṣoṣo nínú mílílítà 100 omi. Òjé kò gbọdọ̀ ju mílígírámù 0.01 lọ nínú lítà kan. E. coli ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, torí inú ìfun ló ń gbé. Tí ẹ bá rí i nínú omi, ìgbẹ́ ti dé ibẹ̀, kò sí àlàyé mìíràn.

Ìgbẹ́ yẹn ló mú wa dé apá tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ sọ. Omi tí ẹ rà kì í parí sínú ilé. Ó ń jáde padà: omi ìwẹ̀, omi aṣọ, omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Láwọn ìlú tó ní páìpù omi ìdọ̀tí, iléeṣẹ́ omi ló sábà máa ń kó èyí náà, owó rẹ̀ á sì wà lórí bíìlì kan náà. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu pé wọ́n ń gbowó lórí omi tó jáde láìní mítà. Ìdí ni pé wọ́n gbà pé ohun tó wọlé ló máa jáde, wọ́n á kàn ṣírò rẹ̀ láti ara omi tí ẹ lò. Abuja ní irú rẹ̀. Wupa ni ibùdó tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí náà kó tó padà sínú odò. Ní tiwa, ṣáláńgá àti sọ́kàwéè ni. Sọ́kàwéè sì nílò ilẹ̀ tó lè fa omi mu. Ilẹ̀ Abẹ́òkúta, orí àpáta ló jókòó sí. Níbòmíì erùpẹ̀ tó wà lórí àpáta kò jìn. Omi ìdọ̀tí tó bá wọlẹ̀ á kan àpáta, á wá ibi tí àpáta ti sán, á gba ibẹ̀ lọ. Ibi tí àpáta ti sán yẹn náà ni kànga àti bóhòlù ti ń rí omi.

Ìyẹn ni pé bóhòlù yín àti sọ́kàwéè aládùúgbò yín lè máa mu nínú ife kan náà. Àwọn onímọ̀ máa ń ní kí mítà bí 30 wà láàárín wọn. Ẹ wọn ilé yín wò. Lórí ilẹ̀ ọgọ́ta lọ́nà ọgọ́fà ẹsẹ̀ bàtà, kò rọrùn. Tí sọ́kàwéè yín bá sì jìnnà sí bóhòlù yín, ti aládùúgbò ńkọ́? Kò sí onílé kan tó lè dá èyí yanjú. Ẹni tó lè wo gbogbo àdúgbò pa pọ̀ ló lè ṣe é, ìdí nìyẹn tí ìjọba fi yẹ kó wà níbẹ̀.

Ìjọba wo? Àwọn tó kọ ìwé òfin 1999 fi kíkó omi ìdọ̀tí àti pàǹtí kúrò, pẹ̀lú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò, sínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Gúúsù Abẹ́òkúta, Àríwá Abẹ́òkúta, kí ẹ sì rántí pé Ọ̀bantokò ti bọ́ sí Ọ̀dẹ̀dá. Ẹ̀ka ìjọba yìí gan-an ló ní àṣà ìṣọ́ omi tó lọ́jọ́ lórí jù lọ láàárín wa. Àwọn àgbà ṣì ń rántí wolé-wolé, tó máa ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀, tó ń yẹ ṣáláńgá wò, tó sì ń gbé onílé tó dọ̀tí lọ sí kóòtù. Àwọn èèyàn máa ń sá fún un, wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọkùnrin tó wọ ṣòkòtò péńpé yẹn ni alámòójútó tí ó dé ẹnu ọ̀nà wa, tó mọ ilé kọ̀ọ̀kan, tí kò fi ìwé bo ojú.

Àwọn tó ń fa ṣáláńgá náà wà níbẹ̀. Tí ọkọ̀ wọn bá ti kún tó sì jáde nílé yín, ẹ kì í béèrè ibi tó ń lọ. Àwọn ìlú tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń fún wọn níwèé àṣẹ, wọ́n á sọ ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ dà á sí, wọ́n á sì gba ẹ̀rí pé ibẹ̀ ló dé, kó má bàa jẹ́ pé ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣú ni wọ́n á ti tú u sódò. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi iṣẹ́ ọwọ́. Àdìrẹ Ìtókù jẹ́ ògo wa, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Ṣùgbọ́n aró òde òní, kẹ́míkà bíi kọ́sítíìkì àti háídírósì wà nínú rẹ̀, omi tí wọ́n bá sì fi fọ aṣọ rẹ̀ ń lọ síbì kan. Téèyàn bá ní kí aláró kọ̀ọ̀kan ra ẹ̀rọ ìfọmi, ẹ̀tàn ni. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí wọ́n kọ́ ibi ìdaró àjọlò kan, tí ihò omi rẹ̀ á já sí tańkì kan ṣoṣo, kí wọ́n máa fọ omi ibẹ̀ kó tó jáde. Ẹni tó bá mọ àwọn aláró ló lè kọ òfin tí wọ́n máa lè pa mọ́.

Tí ọ̀rọ̀ omi bá wá dun ẹnì kan nínú yín lónìí, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń ta omi fún yín, ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Tí wọn ò bá dáhùn, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà lábẹ́ òfin 2018, lè gbọ́ ẹjọ́ yín. Àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú, èyí tó ti wà láti 1975, kì í gba kọ́bọ̀, ó sì lè bi iléeṣẹ́ ìjọba léèrè. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àyẹ̀wò omi yín sọ lóṣù tó kọjá, tàbí bí wọ́n ṣe ṣírò iye tó wà lórí bíìlì yín, ẹ lo òfin òmìnira ìròyìn ti 2011: ọjọ́ méje ni wọ́n fún ọ́fíìsì ìjọba láti dáhùn. Ní 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin yìí mú ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má kọ "omi wa kò dáa." Ẹ kọ ọjọ́, àdúgbò, iye ọjọ́ tí omi ò fi yọ, àwọ̀ rẹ̀ àti òórùn rẹ̀. Ẹ kó orúkọ ilé mẹ́wàá jọ bí ẹ bá lè ṣe é.

Ọkọ̀ tańkà wọ àdúgbò wa lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Mo bi awakọ̀ léèrè ibi tó ti fa omi. Ó ní bóhòlù kan ni. Mo ní ta ló yẹ omi bóhòlù náà wò? Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ń tú rọ́bà rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi kúkú ni."